Bíà inú kẹ́ẹ̀gì mi ń hó ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Apọntí Houston

Ẹ kú àárọ̀, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ yìí ti fẹ́ sú mi, ọjọ́ sì ti ń lọ. Màmá mi máa pé ọmọ 70 ọdún ní ọjọ́ mẹ́tàdínlógún sí òní, mo sì ti ṣèlérí fún mọ̀lẹ́bí pé bíà tí mo fọwọ́ ara mi pọn la máa fi ṣe àlejò. Kẹ́ẹ̀gì onírin kan ni, lítà 19, irú èyí tí àwọn oníṣòwò ọtí ẹlẹ́rìndòdò máa ń lò nígbà kan. Bálì ni mo fi pọn ọ́n, mo wá fi ọkà bàbà díẹ̀ sí i kí ó lè jọ ti ilé lẹ́nu. Ó dùn gan-an. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ṣí ẹnu ẹ̀rọ, ìfófó ló ń tú jáde. Ká pín kọ́ọ̀bù sí mẹ́rin, ìfófó ló ń gba mẹ́ta.

Ohun tí mo ti ṣe nìyí: mo dín gáàsì (CO2, èyí tó ń ti ọtí jáde) kù láti 12 psi (psi ni òṣùwọ̀n agbára gáàsì) sí 8, nígbà tí kò gbọ́, mo tún dín in kù sí 5. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ó dà bí ẹni pé ó fẹ́ dáa, nígbà tó di ọjọ́ kejì ó burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kẹ́ẹ̀gì náà wà nínú fíríìjì kan tí mo dá ihò sí lórí, òpó tí ẹnu ẹ̀rọ wà lára rẹ̀ sì nàró sókè fíríìjì. Rọ́bà tó ń gbé ọtí gòkè gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 5. Inú gáréèjì ni gbogbo rẹ̀ wà. Ẹ̀yin tí ẹ ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí ṣáájú mi, níbo ni mo ti ṣì í?

Ọmọ Adẹ́mu (Leeds)

Àbúrò, o kú ìmúra o. Màmá á ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé.

Kí o tó ṣe ohunkóhun mìíràn, dá gáàsì yẹn padà sí 12. Mo mọ̀ pé kò jọ ohun tó bọ́gbọ́n mu létí ẹni tí ìfófó ń dà láàmú, ṣùgbọ́n gáàsì tí o ń dín kù yẹn ló ń dá kún wàhálà rẹ. Agbára tó wà lókè ọtí ló tẹ gáàsì inú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí o bá ká ọwọ́ kúrò, gáàsì náà á bẹ̀rẹ̀ sí í gbérí, inú rọ́bà sì ni wàá ti kọ́kọ́ rí i. Lọ wo rọ́bà rẹ láàárọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ: mo fẹ́rẹ̀ lè búra pé wàá rí ibi tí kò sí ọtí nínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ nìkan, ọtí, afẹ́fẹ́, ọtí. Ohun tó ń tú sínú kọ́ọ̀bù nìyẹn. Tó bá tún pẹ́ díẹ̀ sí i, gáàsì á tán lára ọtí, á wá tẹ́ bí omi òjò. Èmi náà dín in, dín in, dín in lọ́dún tí mo kọ́kọ́ ra kẹ́ẹ̀gì, odidi lítà 19 ló bá a lọ.

Mo tún fẹ́ bi ọ́ léèrè nǹkan kan. Ẹmu ni bàbá mi ń dá ní ẹ̀gbẹ́ Iléṣà, a sì mọ̀ láti kékeré pé ẹmu kì í dẹ́kun híhó, torí yíìsì inú rẹ̀ ṣì wà láàyè, ó ṣì ń jẹ ṣúgà. O ò ní bá adẹ́mu kankan tó máa dé kẹ́ẹ̀gì ẹmu pinpin. Tó bá dé e, kẹ́ẹ̀gì á wú, á bẹ́. Ṣé bíà tìrẹ parí iṣẹ́ rẹ̀ kí o tó rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì? Ṣé o fi hydrometer (ohun tí wọ́n fi ń wọn bí ṣúgà tó kù nínú ọtí ṣe pọ̀ tó) wò ó? Bí kò bá tíì parí, á máa dá gáàsì tirẹ̀ kún èyí tí o ń fún un, kò sì sí rọ́bà tàbí wáṣà tó máa tún ìyẹn ṣe.

Ẹ̀ẹ̀kejì: ṣé kọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ nìkan ló ń hó ni, àbí gbogbo wọn? Ronú dáadáa kí o tó dáhùn, torí àìsàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Apọntí Houston

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Mo wo rọ́bà náà láàárọ̀ yìí, bí ẹ ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ló rí: afẹ́fẹ́ ní ibi mẹ́ta. Mo ti dá a padà sí 12.

Hydrometer: 1.011 fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra, kò yẹ̀. Torí náà ó parí.

Kọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ ló burú jù. Ṣùgbọ́n ìkejì àti ìkẹta náà ń hó, kì í kàn ṣe tó bẹ́ẹ̀.

Atún-fíríìjì-ṣe (Baltimore)

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀, ẹ kú iṣẹ́. Iṣẹ́ fíríìjì ni mò ń ṣe jẹun, ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀ràn kọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ yìí.

Ẹ ní gáréèjì, ní Houston, nígbà ooru. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Inú fíríìjì tutù, ṣùgbọ́n òpó ẹ̀rọ wà níta, irin ni, inú rẹ̀ ṣófo, atẹ́gùn gáréèjì sì lè gbóná ju dígírì 35 lọ. Ọtí tó sùn sínú òpó yẹn lóru ti gbóná kí ilẹ̀ tó mọ́. Nígbà tí ẹ bá ṣí ẹ̀rọ, ọtí tútù tó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ pàdé rọ́bà tó gbóná àti irin tó gbóná, gáàsì inú rẹ̀ kò sì fẹ́ràn ooru rárá. Ẹ gbọ́ bí ìyàtọ̀ náà ṣe pọ̀ tó: ní dígírì 4, 12 psi tó láti jẹ́ kí lítà ọtí kan gbé lítà gáàsì bíi 2.5. Tí ẹ bá fẹ́ kí ọtí kan náà di gáàsì yẹn mú ní dígírì 20, ẹ máa nílò nǹkan bíi 28 psi. Ìyẹn ni pé ní gbogbo ibi tí ọtí yín bá ti gbóná lójú ọ̀nà, 12 yín kò tó mọ́, gáàsì á sì sá jáde níbẹ̀.

Ẹ má gba ohun tí ojú fíríìjì kọ gbọ́. Atẹ́gùn inú fíríìjì ló ń kà, kì í ṣe ọtí, atẹ́gùn sì ń yí padà ní gbogbo ìgbà tí mọ́tò fíríìjì bá tàn tàbí tó kú. Ẹ bu omi sí kọ́ọ̀bù, ẹ ki tẹmọ́mítà bọ̀ ọ́, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́ẹ̀gì di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn náà ẹ tú kọ́ọ̀bù mẹ́ta léraléra, kí ẹ wọn bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe tutù tó, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Tí àkọ́kọ́ bá gbóná ju ìkẹta lọ pẹ̀lú dígírì mẹ́ta tàbí mẹ́rin, òpó ni ẹlẹ́ṣẹ̀.

Àtúnṣe rẹ̀ kò wọ́n. Fáànù kékeré ti kọ̀ǹpútà, oní fólítì 12 (12V), ẹ gbé e kalẹ̀ nínú fíríìjì, ẹ so páìpù rírọ̀ mọ́ ọn, kí ẹ ki ẹnu páìpù náà gòkè sínú òpó títí yóò fi súnmọ́ ẹ̀yìn ẹnu ẹ̀rọ gan-an. Atẹ́gùn tútù á máa gòkè, èyí tó gbóná á máa sọ̀kalẹ̀ padà. Ẹ fi fóòmù tí wọ́n fi ń bo páìpù omi di inú òpó náà yíká.

Òkè Denver

Mo kàn fẹ́ fi èyí sílẹ̀ fún ẹni tó bá tún máa kà á lẹ́yìn ọ̀la. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lórí òkè bíi tèmi, òǹkà psi tí àwọn apọntí máa ń lò kò ní bá yín mu bẹ́ẹ̀. Fún bíi ẹsẹ̀ bàtà 2,000 kọ̀ọ̀kan tí ìlú yín fi ga ju òkun lọ, ẹ fi psi kan kún ohun tí géèjì yín ń kà. Denver ga tó ẹsẹ̀ bàtà 5,280, nítorí náà 14 sí 15 ni mo ń lò níbi tí Houston ti ń lo 12. Rọ́bà mi náà gùn ju tiwọn lọ.

Ìyá Ìbejì (Manchester)

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Gbogbo ohun tí bọ̀dá Baltimore sọ ni mo gbà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ bàtà 5 yẹn ló ń dùn mí. Rọ́bà kì í ṣe ọ̀nà tí ọtí ń gbà nìkan, bíréèkì ni. Gáàsì ń ti ọtí pẹ̀lú 12 psi láti ìsàlẹ̀. Bí rọ́bà bá kúrú, ọtí á sáré dé ẹnu ẹ̀rọ pẹ̀lú gbogbo agbára yẹn lára rẹ̀, á sì fọ́n ká. Bí rọ́bà bá gùn, tó sì tẹ́ẹ́rẹ́, ara rọ́bà á máa fà á sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, títí tí yóò fi dé òkè pẹ̀lú sùúrù. Mo rò pé tiyín ni rọ́bà tí inú rẹ̀ jẹ́ 3/16 íǹṣì, òun ló wọ́pọ̀. Ní 12 psi, ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 12 ni kí ẹ fún un. Ẹ ká a róbótó sórí kẹ́ẹ̀gì nínú fíríìjì, kò gbọdọ̀ ṣẹ́, kò sì gbọdọ̀ jáde síta. Bí ẹ bá rí èyí tí inú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 4, kò ní láti gùn tó ìyẹn. Ẹ má bẹ̀rù pé ó pọ̀ jù: ẹ ra 12, ẹ tú kọ́ọ̀bù, bó bá ń lọ́ra jù, ẹ gé ẹsẹ̀ bàtà kan kúrò. Èyí tó kúrú kò ṣe é fà gùn.

Àkókò lẹ máa fi mọ̀. Kọ́ọ̀bù páíǹtì (pint) ti Amẹ́ríkà yẹ kó kún ní nǹkan bíi ìṣẹ́jú àáyá 8 sí 10. Tó bá kún ní mẹ́rin, eré ti pọ̀ jù.

Ẹ tún jẹ́ kí n wí èyí, torí mo rí i lọ́wọ́ gbogbo àlejò tó bá wá sílé mi: wọn kì í ṣí ẹ̀rọ tán. Wọ́n á ṣí i díẹ̀ torí ẹ̀rù ìfófó ń bà wọ́n, ìdajì ṣíṣí yẹn gan-an ló sì ń jẹ́ kí ó hó, torí ojú ihò tóóró ni ọtí ń fipá gbà. Ẹ ṣí i gbaragada lẹ́ẹ̀kan, ẹ tì í pa lẹ́ẹ̀kan. Ẹ dẹ kọ́ọ̀bù sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ọtí máa fara kan ara rẹ̀ lọ sílẹ̀, nígbà tó bá kù díẹ̀ kí ẹ wá nà á dúró.

Kọ́ọ̀bù inú fírísà ńkọ́? Mo mọ̀ pé bí àwa ṣe ń bọlá fún àlejò nìyẹn, kọ́ọ̀bù tó ti funfun fún òtútù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lò ó fún bíà inú kẹ́ẹ̀gì. Yìnyín wẹ́wẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ ni gáàsì ń gbá mú. Ẹ fi omi tútù ṣan kọ́ọ̀bù kí ẹ tó bu ọtí sí i, ó tó.

Ìgbà wo lẹ fọ rọ́bà yẹn kẹ́yìn? Màmá àgbà mi máa ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, ìkòkò tí kò bá fọ̀ fúnra rẹ̀ kò ní bu ọtí sí i. Bí kẹ́ẹ̀gì kan bá ti tán, ẹ fi oògùn tí wọ́n fi ń fọ rọ́bà ọtí àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́, ẹ ṣan án, ẹ tú ẹnu ẹ̀rọ palẹ̀ kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì họ inú rẹ̀. Ìdọ̀tí tó le bí òkúta tó máa ń lẹ̀ síbẹ̀, kò hàn sí ojú, ṣùgbọ́n gbogbo ibi tó bá ti rí ṣágiṣàgi ni gáàsì ti ń rí ẹsẹ̀ dúró. Ẹ má lo bílíìsì, ó ń jẹ irin kẹ́ẹ̀gì.

Apọntí Houston

Ọjọ́ márùn-ún ti kọjá, ẹ gba àbọ̀.

Kọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ jẹ́ dígírì 11. Ìkejì 6.5. Ìkẹta 4.5. Mo jókòó sílẹ̀, mo ń wo tẹmọ́mítà yẹn, àánú ọtí tí mo ti dà nù láti ọjọ́ yìí ṣe mí. Mo fi fáànù sí i bí ẹ ṣe wí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, àkọ́kọ́ ti di 6.

Mo ra rọ́bà tuntun, ẹsẹ̀ bàtà 12, mo sì fọ ẹnu ẹ̀rọ. Ohun tó jáde níbẹ̀ jọ ìdọ̀tí eyín. Kọ́ọ̀bù ń kún ní ìṣẹ́jú àáyá 10 báyìí. Ìfófó ti dín kù púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì ń gba ìdá kan nínú mẹ́ta kọ́ọ̀bù, ó sì ń rí bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo kọ́ọ̀bù, kò yọ ọ̀kan sílẹ̀.

Mo wá ṣàkíyèsí nǹkan kan. Rọ́bà tuntun yìí mọ́ gaara. Nígbà tí mo ṣí ẹ̀rọ tí ìyàwó mi dì í mú, tí èmi tan iná fóònù sínú fíríìjì, mo rí àwọn èéhó wẹ́wẹ́, bí orí abẹ́rẹ́, tí wọ́n ń tò tẹ̀ léra wọn jáde láti ibi tí rọ́bà ti so mọ́ kẹ́ẹ̀gì gan-an. Wọn kì í ṣe láti àárín rọ́bà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọn ò dúró títí mo fi ti ẹ̀rọ pa.

Ọmọ Adẹ́mu (Leeds)

Àbúrò, o ti rí i. Ojú rẹ mú.

Ọtí tó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì kò yẹ kó ní èéhó kankan lára nígbà tó bá dé ibẹ̀. Páìpù irin gígùn kan ló lọ láti orí kẹ́ẹ̀gì dé ìsàlẹ̀, òun ni ọtí ń gbà gòkè. Ní ọrùn páìpù yẹn, lábẹ́ orí tí o ń so rọ́bà mọ́, wáṣà rọ́bà róbótó kékeré kan wà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ya gáàsì òkè kúrò lára ọtí tó ń gba inú páìpù. Bó bá ti gbó tàbí tó ya, gáàsì 12 psi tó wà lókè á máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé sínú ọtí tó ń lọ. Kò ní jò síta, ọṣẹ tí o bá fi pa á kò ní hó, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fi rí i. Ọ̀pọ̀ á yí gáàsì wò, á yí rọ́bà padà, á ra ẹ̀rọ tuntun, nígbà tó jẹ́ wáṣà tí owó rẹ̀ kò tó ti búrẹ́dì kan ni.

Bí o ṣe máa ṣe é: ti gáàsì pa, yọ rọ́bà gáàsì kúrò, fa fáàfù orí ìdérí títí gáàsì yóò fi dákẹ́ pátápátá. Tún fà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Má ṣe fi sípánà kan orí kẹ́ẹ̀gì tí gáàsì ṣì wà nínú rẹ̀, irin yẹn lè ta sí ènìyàn lójú. Lẹ́yìn náà tú orí tó wà ní ìhà ọtí, kì í ṣe ti gáàsì, fa páìpù sókè díẹ̀, wáṣà náà wà ní ọrùn rẹ̀. Fi oògùn apakòkòrò-àrùn tí o fi ń fọ kẹ́ẹ̀gì ṣan ọwọ́ rẹ, sípánà rẹ àti wáṣà tuntun náà. Gírísì tí wọ́n ṣe fún ohun tí ènìyàn ń jẹ ni kí o fi pa á, má lo fasilíìnì, ó ń ba rọ́bà jẹ́.

Bí o ṣe ń ṣe é, wo orí páìpù náà, bóyá ó ní ibi tó ti tẹ̀ tàbí tó ti gé.

Atún-fíríìjì-ṣe (Baltimore)

Mo fi ìkan kún un. Gbogbo gáàsì tí ẹ ń tú jáde yìí, ẹ ṣí ilẹ̀kùn gáréèjì kí ẹ tó ṣe é. Ó wúwo ju atẹ́gùn lọ, ilẹ̀ ló máa ń dùbúlẹ̀ sí, kò ní òórùn. Kẹ́ẹ̀gì kan kò pọ̀, ṣùgbọ́n sílíńdà tó ń jò nínú yàrá tí wọ́n tì pa ti ṣe jàǹbá. Kí sílíńdà náà máa dúró ṣánṣán, kí ẹ so ó mọ́ nǹkan tí kò lè ṣubú.

Apọntí Houston

Wáṣà ni!

Mo gbé e sórí ìka mi lábẹ́ iná: ó ti tẹ́ pẹrẹsẹ ní apá kan, ibi tó tẹ́ yẹn sì ya bí ẹni fi eékánná já a. Kò tó ẹyọ àgbàdo kan. Mo yí i padà, mo so gbogbo rẹ̀ padà, mo dá a sí 12, mo fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Lálẹ́ àná mo tú kọ́ọ̀bù àkọ́kọ́: ìfófó ìka méjì lórí, ó funfun, ó dúró, ọtí pupa rẹ́súrẹ́sú lábẹ́ rẹ̀. Ìkejì rí bẹ́ẹ̀. Ìyàwó mi ya fọ́tò. Mi ò mọ bí mo ṣe lè dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

Ó ku ìbéèrè kan. Họ́ọ̀lù tí a máa lò jìnnà tó wákàtí kan sílé. Báwo ni mo ṣe máa gbé e débẹ̀ tí kò ní padà sí ibi tó ti ń bọ̀? Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sì ní ká máa gba dọ́là méjì méjì lọ́wọ́ àwọn èèyàn láti fi ran owó họ́ọ̀lù lọ́wọ́.

Ìyá Ìbejì (Manchester)

Ẹ kú oríire!

Ẹ má gba owó. Òfin Amẹ́ríkà gbà kí àgbàlagbà pọn gálọ̀nù 100 lọ́dún fún mímu ara rẹ̀, 200 bí àgbàlagbà inú ilé bá tó méjì, ṣùgbọ́n kò gbà kí wọ́n tà á. Ti gbígbé e jáde kúrò nílé, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, ẹ wádìí ti Texas láti ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ sì bi àwọn tó ni họ́ọ̀lù léèrè bóyá wọ́n gbà kí ẹ gbé ọtí ilé wọlé.

Ní ti ìrìn àjò, ẹ gbé e lọ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú bí wọ́n bá gbà fún yín. Kẹ́ẹ̀gì tó jó nínú mọ́tò fún wákàtí kan nílò ìsinmi, yíìsì tó ti sùn sí ìsàlẹ̀ náà á sì ti gbéra. Bí kò bá ṣeé ṣe, kí ó dé ibẹ̀ wákàtí mẹ́rin tàbí márùn-ún kí àlejò tó dé. Ẹ yọ rọ́bà méjèèjì kúrò kí ẹ tó gbé e, ẹ di sílíńdà mọ́ ìjókòó mọ́tò, kí ẹ ṣí fèrèsé díẹ̀. Ní họ́ọ̀lù, ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì sínú báàfù ńlá, ẹ da yìnyín àti omi yí i ká títí yóò fi bò ó dé èjìká. Yìnyín nìkan kò tó, omi ló ń gbé òtútù náà dé ara irin. Ẹ̀rọ oníke kékeré tí wọ́n ń fi ọwọ́ tẹ̀ ni kí ẹ lò níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ bàtà 12 yín náà ni kí ẹ so mọ́ ọn, kí ẹ ká a sínú omi yìnyín náà, má jẹ́ kí ó nà gbalaja lórí tábìlì nínú ooru.

Kí ẹ fi ẹnì kan ṣoṣo sídìí ẹ̀rọ. Ẹni tí ẹ ti kọ́ bó ṣe ń ṣí i gbaragada.